Kóòdù Kì í Ṣe Orúkọ Ọjà

Iná ẹ́ńjìnnì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Rẹwáyà ki máṣìnnì tó ń ka kóòdù àṣìṣe bọ ihò abẹ́ sitiárì, P0301 jáde, kò sì tíì yọ máṣìnnì tán tó ti ní, "Kọ́ìlì ti kú, ẹ mówó wá." P0301 kò dárúkọ kọ́ìlì, ohun tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná, rárá. Ohun tó sọ ni pé sílíńdà kìíní ń tàsé. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ò tilẹ̀ rí kọ́ìlì lójú: bí kíránkì, irin tí ẹ́ńjìnnì ń yí, ṣe ń yí ló ń kà. Tí ìyípo náà bá ń dẹ̀ díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá kan sílíńdà kìíní, ó mọ̀ pé iná ò jó dáadáa níbẹ̀. Ohun tó fà á, kò mọ̀.

Ó yẹ kí èyí tètè yé ará Ifẹ̀. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé, ìyẹn ló mú Odù jẹ́ 256. Ṣí-àti-dé náà ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń lò: ojú 16 bẹ́ẹ̀ ló fi ń kọ kóòdù kan, bí ẹni tó ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ihò abẹ́ sitiárì pàápàá, ojú 16 ló ní, àmọ́ ìyẹn ṣe kòńgẹ́ ni o. Babaláwo tó rí Odù kì í sáré ní kí wọ́n mú ewúrẹ́ wá. Ìbò ló máa kọ́kọ́ dì, owó ẹyọ fún bẹ́ẹ̀ ni, eegun fún bẹ́ẹ̀ kọ́, títí yóò fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ fì sí.

Ìbò P0301 ò ná ọlọ́kọ̀ ní kọ́bọ̀. Lára ọ̀pọ̀ Corolla, sípánà 10 kan péré ló ń tú kọ́ìlì, ìhà bẹ́líìtì sì ni wọ́n ti ń ka sílíńdà. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé kọ́ìlì 1 sórí 2, ti 2 sórí 1. Ẹ kọ kóòdù sílẹ̀, ẹ fi máṣìnnì pa á rẹ́, ẹ wa ọkọ̀ náà. Tó bá di P0302, kọ́ìlì ni lóòótọ́. Tó bá dúró sí P0301, ọwọ́ kọ́ìlì mọ́. Ẹ ṣe pọ́lọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀. Tí kò bá tún kúrò, ó ku ínjẹ́tọ̀ tó ń fọ́n epo, wáyà rẹ̀, tàbí kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀.

P0171 ló burú jù nínú ọ̀ràn yìí. Ó ní afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, wọ́n á wá yọ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, tó ń ka èéfín ẹ́ńjìnnì, sọnù. Ẹni tó mú ìròyìn wá ni wọ́n ń lù, nígbà tí rọ́bà afẹ́fẹ́ tó ya lẹ́yìn fítà ń mí lọ ní tirẹ̀.

Ẹni tó ń tú orí bátìrì kí iná lè kú, àkọsílẹ̀ ló ń nù: eré ọkọ̀, ìgbóná ẹ́ńjìnnì àti bó ṣe ń yí nígbà tí àṣìṣe náà ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe sì gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìrìnàjò méjì kí iná tó tún tàn, nítorí náà ọkọ̀ lè dé Iléṣà láti Ifẹ̀ kó ṣe bí ẹni tó ti sàn.

Iná tó ń ṣẹ́jú nìkan ni kò gba ìbò. Ẹ rọra pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, torí epo tí ò jó nínú ẹ́ńjìnnì ti ń jó lọ nínú kátálísítì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù èéfín.