Bí owó orí fóònù ṣe ń ti Kétu dé Àjàṣẹ́

Ní ọjọ́ ọjà ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, obìnrin tí ó ti ta àgbàdo rẹ̀ tán máa ń yà sí ọ̀dọ̀ oní-mómó, ẹni tí ń bá ènìyàn fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, lábẹ́ agbòjò ńlá, á ka 20,000 sẹ́fà sílẹ̀, á sì pe nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ tí ń kàwé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Oní-mómó á tẹ fóònù onítẹ̀ kan lẹ́ẹ̀melòó kan, á tún ka nọ́ńbà náà sókè bóyá ó pé. Kí ìyá tó so ìyókù owó mọ́ ìdí aṣọ tán, ọmọ ti pè pé òun ti rí i. Ẹni tí ó bá ń wò wọ́n lè rò pé owó ti fò gba orí Pọ́bẹ̀ àti Sakété kọjá. Kò fò. Owó bébà tí ìyá kà sílẹ̀ ṣì wà nínú àpótí oní-mómó ní Kétu, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí ẹlòmíràn yóò fi wá gbowó lọ́wọ́ rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ ni ó rìn. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni mómó ní ìwé ìṣirò kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, níbi tí nọ́ńbà fóònù kọ̀ọ̀kan ti ní ojú ewé tirẹ̀. Nígbà tí oní-mómó fi àṣẹ ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà yọ 20,000 kúrò lójú ewé oní-mómó, ó sì kọ ọ́ sí ojú ewé ọmọ. Àròpọ̀ gbogbo ìwé náà kò lé, kò sì dín. Àṣẹ tí a fi fóònù onítẹ̀ pa kì í gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà tí a fi ń wo iye kírédì tí ó kù ni ó ń gbà, ìdí nìyí tí fóònù tí kò mọ Facebook fi lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ lásán kì í ṣe owó. Bí ó bá jẹ́ owó ni, ìwé tí oníṣòwò ń kọ gbèsè sí ì bá ti kọ́ ilé fún un. Òfin ni ó sọ ọ́ di owó. Báńkì àgbà tí ń gbé owó sẹ́fà jáde fún orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, èyí tí a mọ̀ sí BCEAO, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Dakar, gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2015 lórí irú owó yìí. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ fi owó gidi pamọ́ sí báńkì, sẹ́fà kan fún sẹ́fà kan, fún gbogbo iye tí ó wà lójú ewé àwọn oníbàárà, kò sì gbọdọ̀ pò ó mọ́ owó tirẹ̀. Ìlànà kan náà ni ó fi òté lé iye tí ènìyàn lè kó jọ síbẹ̀: 2,000,000 sẹ́fà fún ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀, 200,000 fún ẹni tí a kò mọ̀.

Ọ̀dọ̀ oní-mómó ni làálàá wà, òun sì ni àwọn tí ń yin ẹ̀rọ kì í sábà rántí. Àpò méjì ni ó gbé dání lẹ́ẹ̀kan náà, owó bébà nínú àpótí àti owó orí fóònù, bí ọ̀kan bá sì ti ń kún ni èkejì ń gbẹ. Ní ọjọ́ ọjà Kétu, àwọn tí wọ́n tajà ń kó bébà wá láti fi ránṣẹ́. Kí oòrùn tó kàn tàrí, àpótí ti kún, orí fóònù sì ti ṣófo, ẹni tí ó bá tún kó owó dé yóò gbọ́ pé kí ó dúró díẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbowó, bébà ni ó ń tán. Oní-mómó Kétu yóò gun alùpùpù lọ sí báńkì, tàbí kí ó lọ bá oní-mómó tí ó jù ú lọ, kí ó fi bébà gba ti orí fóònù; ẹni tí ó wà ní Àjàṣẹ́ yóò lọ ṣe òdìkejì rẹ̀. Ìrìn yìí, pẹ̀lú ewu olè tí ó wà níbẹ̀, ni owó gidi ń rìn lẹ́yìn tí àkọsílẹ̀ ti dé tipẹ́. Èrè díẹ̀ lórí owó tí ó gbà wọlé àti èyí tí ó san jáde ni wọ́n ń fún un. Wọn kì í san owó epo fún un.

Àtẹ̀jíṣẹ́ pàápàá kì í ṣe àkọsílẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ ránṣẹ́ pé owó ti wọlé, nítorí náà ọlọ́jà tí ó lójú ń wo ojú ewé tirẹ̀ kí ó tó gbé ẹrù lé oníbàárà lórí.

Ojú ewé tí a bá fẹ́ kó owó púpọ̀ sí kò sì lè wà láìlórúkọ. Òfin ọdún 2017 ni ó dá ANIP sílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, kíka àwọn ará ìlú sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Ìyá tí ń lo síìmù tí ọmọ rẹ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ gbà ń kó owó sí ojú ewé ọmọ, bí òfin bá wò ó. Ọjọ́ tí ọmọ bá kú, tàbí tí ìjà bá dé, ni ìyá máa ń mọ̀.

  

Ẹnu ààlà ni a ti ń rí agbára òfin ketekete. Láti Kétu, ènìyàn lè fi mómó ránṣẹ́ sí Abidjan, tí ó jìnnà réré, nítorí pé sẹ́fà kan náà àti báńkì àgbà kan náà ni. Ní apá Ìlárá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà máa ń wọlé sórí fóònù láìbi ẹnikẹ́ni, èdè kan náà ni a sì ń sọ níhà méjèèjì, ṣùgbọ́n báńkì àgbà mìíràn ni ó ni náírà, ìlànà ti Dakar kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ra ẹrù lọ́hùn-ún yóò gba bébà lọ́wọ́ oní-mómó, yóò kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣẹ́ owó, yóò sì jókòó ka náírà rẹ̀ ní ìdì-ìdì.