Abẹ́rẹ́ insulin kọ́ ló ń pa alátọ̀gbẹ

"Wọ́n ti gbé e sórí abẹ́rẹ́ o." Bí ẹnì kan bá ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ohùn á ti lọ sílẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ á máa mi orí, bí ẹni pé ìsìnkú ló kù. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò rí ilé ìwé rí. Èyí tó dùn mí jù ni tàwọn alátọ̀gbẹ fúnra wọn tí wọ́n gbà á gbọ́: pé àìsàn yìí kì í jẹ́ kéèyàn pẹ́ láyé, àti pé ọjọ́ tí dókítà bá dárúkọ insulin, oògùn abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó ti parí nìyẹn.

Pé èèyàn lè ní àtọ̀gbẹ kó sì dàgbà kó darúgbó, kò tún yẹ ká máa jiyàn lórí ìyẹn mọ́. Ọmọdébìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Elizabeth Hughes. Oṣù August 1922 ló bẹ̀rẹ̀ insulin nílùú Toronto, nígbà tí oògùn náà ò tíì pé ọdún kan tí wọ́n ti ń fún èèyàn. Ó ń sún mọ́ ọmọ ọdún 15, àmọ́ kò wúwo ju nǹkan bíi kílò 20 lọ, torí pé fífi ebi pa aláìsàn nìkan ni ìtọ́jú tí wọ́n mọ̀ nígbà yẹn. Ọmọ yẹn kàwé jáde ní yunifásítì, ó lọ́kọ, ó bímọ mẹ́ta, ọdún 1981 ló tó kú, lẹ́ni ọdún 73. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó ti gba abẹ́rẹ́ bíi 42,000 kó tó kú. Ted Ryder bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún kan náà, ọmọ ọdún 5 ni, ó sì gbé ayé títí di 1993. Bí insulin bá jẹ́ ohun tó ń pani, ta ló ń gba májèlé lójoojúmọ́ fún 70 ọdún?

Ẹni tó gbà pé abẹ́rẹ́ ló ń pani á ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Á ní òun fojú ara òun rí i: bàbá kan wà nílé àwọn, wọ́n gbé e sórí insulin, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì lò tó ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn. Mi ò sọ pé irọ́ ló ń pa. Ohun tó rí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ìṣírò ni mo ń bá a jà lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Oríṣi kejì ni àtọ̀gbẹ tó wọ́pọ̀ jù láàárín àgbàlagbà. Lẹ́yìn ikùn ni ẹ̀yà ara tí wọ́n ń pè ní pancreas wà, òun ló ń pèsè insulin, insulin ló sì ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara. Nínú oríṣi kejì, ara kì í dáhùn sí insulin bó ṣe yẹ, pancreas á wá máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó títí á fi máa rẹ̀ ẹ́. Wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní UKPDS. Ọdún 1977 ló bẹ̀rẹ̀, àbájáde rẹ̀ jáde ní 1998, àwọn 5,102 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àwọn ní oríṣi kejì ni wọ́n sì tọ́jú. Wọ́n rí i pé lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún èèyàn pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe é, nǹkan bí ìdajì agbára pancreas rẹ̀ ti lọ. Wọ́n tún rí i pé bọ́dún ṣe ń gorí ọdún, ṣúgà á tún máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ì báà jẹ́ oògùn oníhóró lèèyàn ń lò. Nítorí náà, ẹni tó nílò insulin lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò ṣẹ̀, kò yà ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe pé dókítà ti sọ̀rètí nù lórí rẹ̀. Bí àìsàn náà ṣe ń rìn nìyẹn.

Nínú ìwádìí kan náà, wọ́n fún àwọn kan ní insulin láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà tí ara wọn ṣì le. Ikú ò pọ̀ láàárín wọn ju ti àwọn yòókù lọ. Ìwádìí míì tí wọ́n ń pè ní ORIGIN kó èèyàn 12,537 jọ, wọ́n fún ìdajì wọn ní insulin ní kùtùkùtù, wọ́n sì ṣọ́ wọn fún nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Ọdún 2012 ni wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí: àìsàn ọkàn àti ikú ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín apá méjèèjì.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí bàbá yẹn? Ohun tí mo máa ń bá pàdé nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, tí mo bá fara balẹ̀ bi wọ́n léèrè, ni pé dókítà ti dárúkọ insulin lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Aláìsàn ní kí wọ́n fún òun lóṣù kan sí i. Oṣù kan di mẹ́fà, mẹ́fà di ọdún. Ṣúgà wà lókè ní gbogbo àkókò yẹn, kò ro ó, kò dùn ún, ó ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín-ín ẹ̀yìn ojú jẹ́, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń pa iṣan tó ń jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ mọ nǹkan lára. Ó tẹ ìṣó, kò mọ̀. Ìgbà tí egbò ti ń rùn ni wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ìgbà yẹn ló tó gba abẹ́rẹ́. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ yẹn ni gbogbo èèyàn ń ka ìṣírò láti orí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta tó ṣáájú, ẹnikẹ́ni ò kà á. Ó dà bí ìgbà tí ògiri fẹ́ wó, tí wọ́n sáré fi igi tì í, tí ògiri wá wó lóru, táwọn èèyàn jí láàárọ̀ tí wọ́n ní igi ló wó o.

Mo jókòó ti ìyá ọ̀rẹ́ mi kan lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì fẹ́ kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa gún ara wọn. Wọ́n dijú pinpin, wọ́n di etí àga mú. Abẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n máa ń gún sí ìdí ló wà lọ́kàn wọn. Èyí tí nọ́ọ̀sì mú dání jọ bírò, abẹ́rẹ́ tó lọ́ mọ́ orí rẹ̀ kò gùn ju mìlímítà 4 lọ. Ó fi í kan ikùn wọn, ó tẹ ìdí rẹ̀, ó ka oókan dé ẹẹ́wàá, ó yọ ọ́. Màmá ṣì dijú. "Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ gún un, kẹ́ ẹ sọ fún mi." Nọ́ọ̀sì ní, "Mà, a ti gún un tán." Wọ́n lajú, wọ́n wo ikùn wọn, wọ́n wá ojú abẹ́rẹ́, wọn ò rí i. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n ti fi sá fún un.

Mi ò ní ṣèlérí ẹ̀mí gígùn fún ẹnikẹ́ni o. Àwọn kan ń ṣe gbogbo ohun tó yẹ, kíndìnrín wọn ṣì ń dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ìtọ́jú tó péye dín ewu kù púpọ̀, àmọ́ kò mú un kúrò pátápátá. Ìwádìí DCCT tó jáde ní 1993 lórí àwọn 1,441 tó ní oríṣi kìíní, èyí tí ara kì í fi bẹ́ẹ̀ pèsè insulin tirẹ̀ mọ́, fi hàn pé mímú ṣúgà wálẹ̀ dáadáa dín ewu kí àìsàn ojú bẹ̀rẹ̀ kù ní ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ ṣúgà tó já wálẹ̀ lọ́nà tó léwu di ìlọ́po mẹ́ta. Ní 2008, wọ́n dá apá kan ìwádìí ACCORD dúró, torí pé ikú pọ̀ sí i láàárín àwọn tí wọ́n ń lé ṣúgà wọn lọ sílẹ̀ jù, àwọn tí àìsàn ọkàn ti wà lára wọn tàbí tó ń sún mọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni ò tíì fi hàn pé insulin gan-an ló fà á, síbẹ̀ ó kọ́ wa pé ibi tí ṣúgà ẹnì kan yẹ kó dúró sí lè yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì. Dókítà yín lẹ máa bá sọ ìyẹn. Ẹ má sì gbàgbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá, torí wọ́n lè pa alátọ̀gbẹ tí ṣúgà rẹ̀ dára.

Insulin ní ewu tirẹ̀, mi ò ní fi pa mọ́. Bí ẹni tó ń gbà á bá ṣàdédé ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tí ebi ń pa á lójijì, tàbí tó ń sọ kántankàntan, kó tètè mu ohun tó ní ṣúgà, kó dúró fún ìṣẹ́jú 15, kó tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ẹ má fi eèrà tó ń ṣù bo ìtọ̀ tàbí tí kò ṣù bò ó mọ̀ bóyá ara ti yá. Ó dìgbà tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá kọjá nǹkan bí 180 mg/dL kó tó máa yọ sínú ìtọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, 126 mg/dL kéèyàn tó jẹun láàárọ̀ ti tó láti pè ní àtọ̀gbẹ. Àyẹ̀wò A1c, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín lálaalẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé tó ní oríṣi kìíní ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ara rẹ̀ kò ní insulin tirẹ̀ tí yóò gbé e ró. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ dá abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró torí àgbo, àdúrà tàbí ààwẹ̀, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó lè máa bì, kí inú máa run ún, kó máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí èémí rẹ̀ máa rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí níbẹ̀ pé ọmọ náà ní àtọ̀gbẹ, kò sì tíì gba insulin rẹ̀ láti àná.