Ẹ̀jẹ̀ Funfun Lọ Sílẹ̀: Ẹ Má Tíì Sáré Lọ Gba Abẹ́rẹ́

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, èèyàn méjì gbé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá bá mi láàárín wákàtí kan péré, ní yàrá àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé Apẹ́tẹ́ ló kọ́kọ́ dé. Imú rẹ̀ ń ṣomi, ó ń wúkọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì já gaara. Ohun tó ń dẹ́rù bà á ni lẹ́tà L, ìyẹn "ó lọ sílẹ̀ jù", tí ẹ̀rọ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iye ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà: 3,300. Níbi tó ti ṣe àyẹ̀wò náà, wọ́n sọ fún un pé àìsàn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì kọ abẹ́rẹ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún fún un. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe àrùn burúkú ló ń ṣe mí?"

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági ló tẹ̀ lé e, ó pọn ọmọ oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Inú tirẹ̀ ń dùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, wọ́n ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Ó kàn ń wúkọ́ ni." Ẹ̀jẹ̀ funfun ọmọ náà jẹ́ 9,800. Kò sí L, kò sí H tó túmọ̀ sí "ó ga jù".

Ọmọ ẹ̀yìn ìyá yẹn ló kó mi láyà sókè.

Iye ẹ̀jẹ̀ funfun tí ẹ ń rí nínú ìwé, inú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí pínnì lọ ni wọ́n ti kà á. Àgbàlagbà sábà máa ń ní láti 4,000 dé 11,000 níbẹ̀, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ pupa inú ẹ̀kán kan náà ń lọ sí bíi mílíọ̀nù márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ilé àwọn ẹ̀jẹ̀ funfun, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọjá ni. Inú mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n ti ń bí wọn, inú ẹran ara ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Kíka iye wọn dà bí kí èèyàn dúró sábẹ́ bíríìjì Mọ́kọ́lá kó máa ka tákísí máíkírà tó ń kọjá. Ẹ ó mọ iye tó wà lójú ọ̀nà ní àkókò yẹn. Ẹ ò lè tibẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí àwọn èrò inú rẹ̀ ń lọ.

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi nǹkan mọ sórí àpapọ̀ iye. Mo máa ń kán ẹ̀jẹ̀ láti inú ìgò kékeré olómorí àlùkò sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, n ó fi etí gíláàsì mìíràn fà á kó tẹ́ bí ahọ́n, n ó jẹ́ kó gbẹ, n ó sì da aró Leishman lé e lórí. Bí mo bá ti fi omi ṣàn án tó sì gbẹ, mo máa ń kán òróró díẹ̀ sí i, n ó wá fi ojú sí máíkírósíkóòpù, n ó ka ẹ̀jẹ̀ funfun 100 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí inú rẹ̀ gé sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn tín-ín-rín so pọ̀, nútírófíìlì ni. Ọ̀gá rẹ̀ ní ti bakitéríà ṣọ̀wọ́n. Èyí tó rí róbótó, tí aró aláwọ̀ àlùkò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, lìmfósáìtì ni. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọlé, lìmfósáìtì ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù: àwọn kan nínú wọn ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ti kó àrùn, àwọn mìíràn ń pèsè ohun tó máa di fáírọ́ọ̀sì náà mú nígbà mìíràn tó bá tún padà wá. Nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, lìmfósáìtì ló sábà máa ń pọ̀ ju nútírófíìlì lọ, bó ṣe yẹ kó rí sì nìyẹn. Àìmọye òbí ni mo ti rí tí H kan ṣoṣo kó ìpayà bá, nítorí pé ìwọ̀n àgbàlagbà ni wọ́n fi wọn ọmọ wọn.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kan àwa ọmọ Yorùbá gan-an. Lára òyìnbó ni wọ́n ti wọn 4,000 sí 11,000 yẹn. Lára ẹ̀jẹ̀ pupa, àmì kan wà tí wọ́n ń pè ní Duffy, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ní in láàárín wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àìní yẹn ṣe wá lóore, torí àmì náà ni kòkòrò ibà tó ń jẹ́ Plasmodium vivax fi ń ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀ pupa. Ní 2008 àti 2009, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àìní Duffy yìí kan náà ló ń jẹ́ kí nútírófíìlì kéré lójú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, láìjẹ́ pé ẹni tó rí bẹ́ẹ̀ ń tètè kó àrùn ju ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí iṣẹ́ ńlá tó ń jẹ́ HapMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ń gba ẹ̀jẹ̀ káàkiri ayé láti fi mọ àjogúnbá ọmọ èèyàn, Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti gba ti Áfíríkà, lára ọmọ Yorùbá 90, bàbá, ìyá àti ọmọ nínú ìdílé 30. Gbogbo ayé ló ń fi ẹ̀jẹ̀ ará Ìbàdàn kẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbà náà. Ó wá ń dùn mí pé ẹ̀rọ tó wà nílùú Ìbàdàn ló tún ń pe ará Ìbàdàn ní aláìsàn nítorí pé iye tirẹ̀ kò bá ti òyìnbó mu.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Bí nútírófíìlì nìkan bá lọ sábẹ́ 500, tí ibà sì wà níbẹ̀, pàápàá lára ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, kí ilẹ̀ má ṣú bá a nílé. Nútírófíìlì akẹ́kọ̀ọ́ yẹn lé ní 1,300.

Kí ló wá ń sọ ọ̀fìnkìn di ohun tí ń gbé èèyàn dè sórí ọ́síjìn? Fáírọ́ọ̀sì kì í dá gbé, inú sẹ́ẹ̀lì tiwa ló ti ń bímọ. Sẹ́ẹ̀lì tó bá kọ́kọ́ kó o máa ń lọgun. Ohun tó ń tú jáde láti fi lọgun ni wọ́n ń pè ní íntáfírọ́ọ̀nù. Bí igbe yẹn bá tètè dún, àwọn sẹ́ẹ̀lì aládùúgbò á ti ilẹ̀kùn, lìmfósáìtì á dé, ara á sì balẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà tí igbe náà bá pẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń bàjẹ́. Nínú aláìsàn kòrónà 987 tí ẹ̀mí wọn wà nínú ewu, tí wọ́n yẹ̀ wò ní 2020, wọ́n rí 101 tí ara wọn fúnra rẹ̀ ń pèsè ohun tó ń dí íntáfírọ́ọ̀nù lẹ́nu. Ọkùnrin ni 95 nínú wọn.

Níbi tí igbe ti pẹ́, fáírọ́ọ̀sì á ti gba ilé kan. Nútírófíìlì àti mónósáìtì, oríṣi ẹ̀jẹ̀ funfun mìíràn, á wá ya bo ẹ̀dọ̀fóró. Nútírófíìlì a máa tú okùn àjogúnbá (DNA) inú rẹ̀ síta bí àwọ̀n apẹja láti fi kó kòkòrò, àwọ̀n yẹn kan náà á sì máa dí àwọn òpójẹ̀ tíntìntín. Omi á máa jò sínú àwọn àpò kéékèèké tó yẹ kó gba afẹ́fẹ́. Ẹ wo ilé alámọ̀ kan ní Bẹẹrẹ tó gbiná: iná ti ń kú lọ, àwọn panápaná kò dá omi dúró, ni ògiri bá ń wó. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kòrónà tó yí padà di líle ní ọjọ́ keje sí ìkẹwàá, ohun tó ń bà wọ́n jà nìyẹn.

Àmì rẹ̀ a máa hàn nínú ẹ̀jẹ̀, bí wọ́n bá pín iye náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àgbàlagbà lè ní 7,000, kí ẹ̀rọ má tẹ L tàbí H sí i, síbẹ̀ kí 6,000 nínú rẹ̀ jẹ́ nútírófíìlì, kí lìmfósáìtì má ju 600 lọ. Mo bẹ̀rù irú èsì yẹn lọ́wọ́ ẹni tí ikọ́ ti ń dà láàmú fún ọ̀sẹ̀ kan ju 3,300 akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn nípa dexamethasone, tí àwọn èèyàn ń pè ní dẹ́sà, tí wọ́n ń dì mọ́ oògùn òtútù ní kẹ́míìsì. Òótọ́ ni pé ó gba ẹ̀mí là. Lóṣù kẹfà 2020, ìwádìí RECOVERY ní Britain fi hàn pé ó dín ikú kù láàárín aláìsàn kòrónà tó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí àti àwọn tó ń gba ọ́síjìn. Ṣùgbọ́n kò ṣe ẹni tí kò nílò ọ́síjìn láǹfààní kankan. Ohun tí dẹ́sà ń ṣe ni pé ó ń pe ẹ̀jẹ̀ funfun padà sẹ́yìn. Ẹni tó lò ó ní ọjọ́ kejì ọ̀fìnkìn ń lé ọdẹ lọ nígbà tí olè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fo fẹ́ǹsì. Áńtíbáyótíìkì ní tirẹ̀ kì í pa fáírọ́ọ̀sì rárá, ì báà jẹ́ oníhóró, ì báà jẹ́ abẹ́rẹ́.

Mo ní kí ìyá yẹn sọ ọmọ kalẹ̀, kó bọ́ aṣọ àyà rẹ̀. Abẹ́ ìhà ọmọ ń wọnú ní gbogbo ìgbà tó bá mí. Mo fi fóònù mi sí ìṣẹ́jú kan gbáko, èmi àti ìyá rẹ̀ jọ ka iye ìgbà tó mí sókè: 58. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, 60 sókè ti yá jù. Láti oṣù méjì títí dé ìgbà tó máa fi pé ọdún kan, 50. Láti ọdún kan sí márùn-ún, 40. Ìgbà tí ọmọ kò bá sunkún, tí kò mu ọmú lọ́wọ́, ni kí ẹ kà á, kí ẹ sì ka ìṣẹ́jú náà pé. Bí kò bá lè mu ọmú mọ́, bí gìrì bá gbé e, tàbí bí oorun rẹ̀ bá di èyí tí kò ṣeé jí, kí ẹ má dúró kà á. Ní ti àgbàlagbà, bí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí ìka bá fi ọ́síjìn hàn lábẹ́ 94, tàbí tí kò lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó mí, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ọmọ náà lo ọjọ́ mẹ́rin lórí ọ́síjìn nílé ìwòsàn ńlá. Nínú irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ lára ọmọ ọwọ́, pàápàá ti fáírọ́ọ̀sì RSV tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọmọ ló ń kó o kí wọ́n tó pé ọdún méjì, nútírófíìlì ló máa ń kún ọ̀nà èémí tóóró náà pa pọ̀ mọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ìyẹn kì í hàn nínú 9,800.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kò gba abẹ́rẹ́ náà. Mo ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nígbà tí ikọ́ ti tán. 3,400 ni mo bá lára rẹ̀. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ náà àti iye nútírófíìlì rẹ̀, kí ẹni tó bá tún fẹ́ fi lẹ́tà L dẹ́rù bà á lè rí i pé iye tirẹ̀ nìyẹn nígbà tí ara rẹ̀ le.