Ẹ́ńjìnnì Kékeré Ìdí Ọkọ̀ Ojú Omi: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó àwọn tó lọ síbi ìgbéyàwó bọ̀ láti abúlé Egboti ní ìpínlẹ̀ Niger dojú dé sínú Odò Ọya lágbègbè Pátégi ní ìpínlẹ̀ Kwara, ó sì lé ní ènìyàn 100 tó bá a lọ. Láti ìgbà náà, bí ìròyìn ìjàǹbá omi mìíràn bá ti jáde, àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré pẹja tàbí sọdá odò a máa bi wá bóyá ẹ́ńjìnnì wọn ló kéré jù.

Ṣé inú ẹ́ńjìnnì ńlá ni ààbò wà?

Rárá o. Ohun tí wọ́n ròyìn nípa ọkọ̀ Egboti ni pé èrò ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì forí sọ gẹdú kan lábẹ́ omi. Eré ì bá tún mú ìforísọ náà le sí i ni. Fún ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ tó mítà 3, tó ń gbé ẹni méjì àti àwọ̀n wọn, agbára ẹṣin (HP tí wọ́n ń kọ sára ẹ́ńjìnnì) 2.5 tó lórí omi tó dúró jẹ́ẹ́ bíi ti adágún Ásà, 5 sì tó lórí Odò Ọya níbi tí omi ti ń ṣàn gidi. Bí ẹ bá gbé 15 kọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ yóò rì, imú rẹ̀ yóò gbé sókè, pákó tí ẹ́ńjìnnì dì mọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

Wọ́n ní òkè òkun ti kọ ẹ́ńjìnnì tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n ń tà á fún wa?

Òótọ́ ni pé òfin èéfín fòpin sí títa oríṣi rẹ̀ àtijọ́ ní tuntun nílẹ̀ Yúróòpù láti ọdún 2007. Òfin náà kò ní kí ẹni tó ti rà á sọ ọ́ nù, ìdí nìyẹn tí tòkunbọ̀ rẹ̀ fi wà lọ́jà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò yàtọ̀ sí ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹ ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ nílé: ó fúyẹ́, ó rọrùn láti tún ṣe, ṣùgbọ́n ó ń mu epo, ó sì ń da ọ́ìlì sómi. Èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ dá wà, bíi ti ọ̀kadà, wúwo díẹ̀, ó sì mọ́ jù. Lórí adágún Ásà, tí Ìlọrin ti ń rí omi mu, èyí ni kí ẹ rà.

Bó bá jẹ́ alápòpọ̀ lẹ ní, lítà 10 epo sí mìlílítà 200 ọ́ìlì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà, ṣùgbọ́n àwọn àtijọ́ kan ń gbà tó ìlọ́po méjì rẹ̀, nítorí náà ìwé rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára ni kí ẹ lò.

Kí ni gígùn ẹsẹ̀ tí àwọn olùtajà ń bèèrè?

Ẹsẹ̀ ni apá ẹ́ńjìnnì tó gùn wọnú omi, tí abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wọn pákó ìdí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń dì mọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀: bó bá súnmọ́ sẹ̀ǹtímítà 38, ẹ ra ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, bó bá súnmọ́ 51, ẹ ra ẹlẹ́sẹ̀ gígùn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kò ní jóná?

Ẹ máa wo ẹ̀yìn rẹ̀. Omi odò ló ń tu ẹ́ńjìnnì náà lára, ó sì gbọ́dọ̀ máa tọ̀ jáde láti ojú ihò kékeré kan. Mo dúró ti apẹja kan ní Jẹ́bà tó na àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ omi yìí kó tó kúrò ní èbúté. Omi náà ń kán tótó, ó gbóná. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fi wáyà tín-ín-rín tọ ihò náà, iyanrìn jáde, ó tún tàn án, omi náà sì tú jáde bí ó ti yẹ. Bí títọ ihò kò bá ràn án, rọ́bà tó ń fa omi nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì náà lórí ilẹ̀ gbígbẹ láé, kódà fún ìṣẹ́jú kan, nítorí ibẹ̀ ni rọ́bà náà ti ń jóná.

Ọ́ìlì gíà mi funfun bí ògì.

Omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ má gbé e sódò títí mẹkáníìkì yóò fi pààrọ̀ rọ́bà ìdínà rẹ̀.

Mo fẹ́ gbé e sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan ńkọ́?

Ẹ ti ẹnu epo, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ nínú omi títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Epo tó bá pẹ́ nínú kàbúrétọ̀ a máa di bí oje igi.

Kí ló yẹ kí n bẹ̀rù jù?

Kí ẹ já bọ́ sódò, kí ọkọ̀ máa dá lọ, tàbí kó yí padà pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lábẹ́ rẹ̀. Ẹ so okùn pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ọrùn ọwọ́ yín kí ẹ tó tàn án. Kí ẹ sì wọ ẹ̀wù amúniléfòó sọ́rùn, kí ẹ so okùn rẹ̀. Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn tẹ́ ẹ jókòó lé lórí.