Kọ̀ǹpútà Mẹ́ta Nínú Ilé Kan, Ilẹ̀kùn Tí Kò Ṣí

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí sí ilé kan ní Òkè-Fìà, níbí ní Òṣogbo. Windows ni bàbá ilé ń lò, MacBook ni ti ọmọ wọn obìnrin, Ubuntu, ọ̀kan lára irú Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sì ni àbúrò rẹ̀ fi sórí tirẹ̀. Bí bàbá bá fẹ́ fún ọmọ ní fáìlì, WhatsApp ni wọ́n fi ń ránṣẹ́, tí dátà á jó nígbà tó ń lọ, tí á tún jó nígbà tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ pálọ̀ kan náà ni gbogbo wọn jókòó sí. Ó dùn mí, nítorí pé router, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, tó wà lórí tábìlì wọn lè gbé fáìlì náà kiri inú ilé láìná dátà rárá, kódà bí dátà bá ti tán.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí kò gbọ́ èdè ara wọn. Wọ́n gbọ́ ọ. SMB ni orúkọ èdè náà: Windows ń sọ ọ́, Mac ń sọ ọ́, Linux sì ń sọ ọ́ nípasẹ̀ Samba, ètò ọ̀fẹ́ tí Andrew Tridgell bẹ̀rẹ̀ ní Australia láàárín 1991 sí 1992. Ẹnu ọ̀nà ni wàhálà wà. Kọ̀ǹpútà tó ni fáìlì ń béèrè pé, "Ta nìyẹn?", ìdáhùn ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Nọ́ńbà mẹ́rin tí bàbá fi ń ṣí kọ̀ǹpútà wọn láràárọ̀ ni ọmọ ń tẹ̀ sórí MacBook. PIN ni nọ́ńbà yẹn, kò sì wúlò níbòmíràn ju orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ṣe é lọ. Pásíwọ́ọ̀dù gan-an ni Windows ń béèrè, bàbá sì ti gbàgbé tiwọn. Lórí kọ̀ǹpútà bàbá, mo ṣe orúkọ ìwọlé tuntun fún àwọn ọmọ pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, mo ṣí fódà kan ṣoṣo fún un, mo sì yí Wi-Fi ilé kúrò ní Public sí Private, nítorí pé bí Windows bá ka Wi-Fi ilé sí ti ìta gbangba, ńṣe ni yóò fara pamọ́. Lórí MacBook, a ṣí Finder, a tẹ Go, a yan Connect to Server, a kọ smb://192.168.1.5, èyí tí í ṣe àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà bàbá. Fódà náà yọ.

Ti Ubuntu yàtọ̀ díẹ̀: Samba kò mọ pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ fi ń wọ Ubuntu, àfi kí ẹ fi àṣẹ smbpasswd -a ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ṣọ́ orúkọ fáìlì pẹ̀lú, torí Windows kì í gba àmì ìbéèrè tàbí kólọ́ọ̀nù nínú orúkọ.

Mo bẹ̀ yín, ẹni tó bá ní kí ẹ yọ pásíwọ́ọ̀dù kúrò, tàbí kí ẹ tan SMB1, ẹ̀yà SMB àtijọ́, padà kí nǹkan lè yá, ẹ má gbà fún un. Àléébù inú SMB1 ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gbà wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 káàkiri àgbáyé ní oṣù karùn-ún 2017. Nínú ilé tí àyálégbé mẹ́rin ti jọ ń lo Wi-Fi kan, fódà tí kò ní pásíwọ́ọ̀dù ti di ti gbogbo wọn.

Nítorí iná tó lè lọ nígbàkigbà, copy ni kí ẹ máa ṣe, ẹ má ṣe cut. Ẹ ṣí fáìlì náà wò níbi tó dé kí ẹ tó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.