Bí Àwọ̀ Ṣe Ń Sọ Àwòrán Odò Di Òru

Ọ̀dà dúdú ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn bí wọ́n bá ní kéèyàn kun odò lóru. Ọ̀dà dúdú yìí kan náà ló sì ń ba irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá dà á bo ojú ọ̀run, igi àti omi, ojú kò ní rí ibi tó máa bà lé. Ihò lásán ló máa kù lórí kánfáàsì, ìyẹn aṣọ tí wọ́n ń yàwòrán sí. Ohun tó ń jẹ́ kí òru hàn ni bí àwọ̀ kan ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn.

Ìdí rẹ̀ wà nínú ẹyinjú. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń gba ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀sán, òun ló ń dá àwọ̀ mọ̀. Èkejì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, kì í ya àwọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí pupa rárá, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó sún mọ́ búlúù kì í fò ó dá. Ìyẹn ló fà á tí òdòdó pupa fi máa ń dúdú lójú wa nírọ̀lẹ́ ṣáájú ewé tó yí i ká. Purkinje, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Bohemia (tó wà ní ilẹ̀ Czech báyìí), kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé kan lọ́dún 1825. Ìmọ́lẹ̀ òṣùpá fúnra rẹ̀ kì í ṣe búlúù o. Ti oòrùn ló ta padà lára òkúta òṣùpá, ó tiẹ̀ fi díẹ̀ pọ́n ju ti oòrùn lọ. Ojú wa ló ń kùn ún láró. Nítorí náà, ayàwòrán tó fi àwọ̀ aró ṣe òru kò parọ́.

Àmọ́ òṣùpá ń tàn, ọ̀dà kì í tàn. Ọ̀dà tó funfun jù lọ kò lè ju kó ta ìmọ́lẹ̀ inú yàrá padà lọ. Ohun tí ayàwòrán máa ń ṣe ni pé á rẹ gbogbo nǹkan yòókù sílẹ̀, kí ìwọ̀nba ibi tó dá sí lè dà bí ẹni pé iná wà níbẹ̀. Tí òṣùpá bá ti gba funfun, ìkùukùu kò gbọ́dọ̀ gbà á mọ́. Ògiri ilé funfun tó wà létí odò pàápàá á di àwọ̀ eérú. Ayàwòrán Arkhip Kuindzhi mọ èyí dunjú. Lọ́dún 1880, ó gbé àwòrán òru lórí odò Dnieper, ní Ukraine, jáde ní St. Petersburg, ní Rọ́ṣíà, àwòrán náà nìkan ṣoṣo nínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn, pẹ̀lú iná tó dojú kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn kan yọjú wo ẹ̀yìn kánfáàsì bóyá wọ́n fi àtùpà pamọ́ síbẹ̀.

Ibi omi ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Bí omi bá pa rọ́rọ́, òjìji iná, ìyẹn bí iná ṣe ń hàn nínú omi, á dúró ṣánṣán lábẹ́ iná náà. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ díẹ̀, ojú ìrú omi kọ̀ọ̀kan á di dígí kékeré tó dagun, òjìji náà á sì gùn wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń wò ó. Òjìji ohun tó mọ́lẹ̀ máa ń ṣú díẹ̀ ju nǹkan náà fúnra rẹ̀ lọ. Omi tó jìnnà ń fi ojú ọ̀run hàn, torí pé ẹ̀gbẹ́ la ti ń wò ó. Èyí tó wà nítòsí ẹsẹ̀ ṣú jù, torí pé inú rẹ̀ là ń wò lọ. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, odò rẹ̀ á nàró bí ògiri.

Àlàfo tó wà láàárín mímọ́lẹ̀ àti ṣíṣú ló ń pinnu bí àwòrán ṣe máa rí lára. Whistler, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tó ń kun odò Thames ní London láàárín ọdún 1870 sí 1880, fi epo la ọ̀dà rẹ̀ títí ó fi ń ṣàn, ó fi búlúù àti eérú tó sún mọ́ra gan-an kun afárá àti bèbè, ó wá fi yẹ́lò tín-ín-tín ṣe iná. Etí nǹkan kan kò mú níbẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ni èmi máa ń rí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ní kò parí iṣẹ́. Van Gogh, ayàwòrán ará Netherlands, ṣe òdì-kejì rẹ̀ ní Arles, ní ilẹ̀ Faransé, lóṣù Kẹsàn-án 1888. Yẹ́lò iná gáàsì, tí wọ́n fi ń tan ìmọ́lẹ̀ sójú pópó nígbà yẹn, ta ko búlúù odò Rhône tipátipá, òjìji iná ń pọ́n bí wúrà, ó sì ń di àwọ̀ ewé bó ṣe ń wọ omi lọ. Òru yẹn kò sùn rárá.

Ìnira kan kù: ojú tó ń rí òru lọ́nà yẹn náà ló ń po ọ̀dà. Van Gogh kun tirẹ̀ níta lábẹ́ iná gáàsì, ó sì kọ ọ́ nínú lẹ́tà sí àbúrò rẹ̀ obìnrin pé òun lè fi búlúù pe àwọ̀ ewé nínú òkùnkùn. Whistler kò gbé ọ̀dà lọ síbẹ̀ ní tirẹ̀. Ó máa ń wo odò náà fínnífínní, á kẹ̀yìn sí i, á ka ohun tó rí sétí ẹni tó bá a lọ kí onítọ̀hún lè tún un ṣe níbi tó bá ti ṣì í, á wá lọ kùn ún nílé lọ́jọ́ kejì.