Odò Ọ̀yán

Odò Ọ̀yán jẹ́ ọ̀kan lára àwọn odò tó ń ṣàn wọ Odò Ògùn. Apá Òkè-Ògùn ló ti ń bọ̀. Ó pàdé Odò Ọ̀fíkì, ó sì já sí Ògùn lókè Abẹ́òkúta. Kò gùn tó Ògùn rárá, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ Abẹ́òkúta kò ṣeé sọ kí a yọ ọ́ sílẹ̀.

Nǹkan bí 20 kìlómítà sí ìlú náà ni wọ́n ti sé e. Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí dáàmù náà ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1983. Ó ga tó mítà 30.4, ó gùn tó mítà 1,044, adágún ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń gba omi tó tó mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà. Wọ́n ri ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́ta mọ́ ọn. Títí di 2007, wọn ò tíì fi wọ́n ṣiṣẹ́.

Omi tó dákẹ́ tí koríko sì hù sí etí rẹ̀ ni ìgbín kékeré tó ń gbé aràn àtọ̀sí ajá (àrùn tó ń mú ni tọ ẹ̀jẹ̀) fẹ́ràn, ìdí nìyẹn tí àrùn náà fi gbilẹ̀ ní àwọn abúlé etí adágún. Bí ẹni tó ní in bá tọ̀ sómi, ẹyin aràn á pa, ọmọ rẹ̀ á wọnú ìgbín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á jáde, á sì gba awọ ara ènìyàn wọlé. Ọ̀sán ló ń jáde jù, ìgbà náà gan-an sì ni àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́. Oògùn praziquantel ń pa aràn náà, àmọ́ ọmọ tó lò ó tó tún padà sódò á tún kó o. Omi tí a pọn, tí a gbé kalẹ̀ fún ọjọ́ méjì láìsí ìgbín nínú rẹ̀, ṣeé wẹ̀.

Nígbà òjò, díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa ṣí géètì dáàmù. Bí adágún bá kún ní oṣù Keje, òjò oṣù Kẹsàn-án kò ní ríbi gbà, wọn á sì tú omi púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láfẹ́nwá, àdúgbò etí odò ní Abẹ́òkúta, ni ìkún omi náà ń kọ́kọ́ bá. Àwọn ènìyàn a máa di gbogbo ẹ̀bi ru dáàmù, bẹ́ẹ̀ kọ́: orí àpáta ni Abẹ́òkúta wà, òjò ibẹ̀ kì í mu sílẹ̀, ṣe ló máa ń ya lọ sínú gọ́tà tí ìdọ̀tí ti dí.

Ní Arakanga, ní Abẹ́òkúta, ilé iṣẹ́ omi ń fa omi Ògùn yìí: álọ́ọ̀mù ń mú ẹrẹ̀ sílẹ̀, yanrìn ń sẹ́ ẹ, klorínì ń pa kòkòrò. Bí omi bá pọ́n nígbà òjò, álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò á pọ̀ sí i. Èyí tó kù ń ṣàn lọ sí Akútè, níbi tí Èkó ti ń fa tirẹ̀.